Mo Pọ̀n Báàgì Lọ sí Vietnam

Ibi ẹ̀gàn ni ìrìn-àjò mi ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n má purọ́ fún yín. Lọ́jọ́ Sunday kan, lẹ́yìn ìsìn, níbi tí a ń páàkì mọ́tò sí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Snellville, lẹ́bàá Atlanta ní Amẹ́ríkà, mo sọ fún àwọn èèyàn mi pé mò ń lọ sí Vietnam, èmi nìkan, pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo lẹ́yìn. Pásítọ̀ béèrè bóyá iṣẹ́ ìwàásù ló ń gbé mi lọ. Mo ní rárá sà, ìgbafẹ́ ni. Ó ní, "Háà. Olúwa á tọ́ yín sọ́nà," bí ìgbà tí mo sọ pé mo fẹ́ lọ jalè. Ìyá Dáníẹ́lì ní tiẹ̀ rí báàgì tuntun náà nínú bùútù mi, ó gbé e, ó fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n, ó ní, "Aunty Fúnmi, ẹ má bínú o, ọmọ là ń pọ̀n, a kì í pọ̀n báàgì."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àní èmi ni mo rẹ́rìn-ín pẹ́ jù. Mo rẹ́rìn-ín wọ mọ́tò, mo rẹ́rìn-ín jáde sí títì, ibẹ̀ ni mo ti wá mọ̀ pé ẹkún ni mò ń sun.

Kí ẹ tó máa ṣàánú mi, ẹ gbọ́ ẹni tí mo jẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mí. Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo nílé, mo ní mọ́tò, n kò lọ́kọ, n kò sì bímọ. Láàárín àwa Yorùbá Atlanta, obìnrin tó bá ti bímọ ti gba orúkọ nìyẹn: Ìyá Dáníẹ́lì, Mummy Tóbi, Ìyá Ìbejì. Ẹni tí kò bá bí, Aunty ni yóò máa jẹ́ títí. Ọmọ ọwọ́ ń pè mí ní Aunty, ìyá ọmọ ọwọ́ ń pè mí ní Aunty, ìyá àgbà tí wọ́n mú wá láti Ìbàdàn kó wá wẹ ọmọ ọwọ́ náà ń pè mí ní Aunty. Ta ló ń bá wọn mú ọmọ dání bí shift tọkọtaya bá forí gbárí? Aunty. Ta ló ń se ìrẹsì ìsọmọlórúkọ? Aunty. Ta ni wọn kì í bi pé ṣé ó ti jẹun? Ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní n óò lọ síbi tí n kò ti ní jẹ́ Aunty ẹnikẹ́ni. Mo wo máàpù ayé, mo wá ibi tó jìnnà sí Snellville dáadáa, mo fi ìka lé e. Orí mi kúkú fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀.

Hanoi

Ohun tó kọ́kọ́ pàdé mi ní Hanoi ni ọ̀kadà. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ẹ ti rí ọ̀kadà rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi. Ọ̀kadà ń gbé fìríìjì, ọ̀kadà ń gbé ẹlẹ́dẹ̀, ọ̀kadà ń gbé bàbá, ìyá, ọmọ méjì àti òdòdó tòun ti ìkòkò rẹ̀. Kò sì sí ẹni tó ń dúró kí èèyàn sọdá. Mo dúró létí títì títí ojú fi ń tì mí. Ìyá arúgbó kan tó gbé agbọ̀n èso gbá mi lọ́wọ́ mú, kò wòtún, kò wòsì, ó wọ́ mi wọ àárín wọn bí ẹni wọ́ ewúrẹ́ tó ya olórí kunkun. Àwọn ọ̀kadà pín sọ́tùn-ún sósì fún wa. Nígbà tí a dé òdìkejì, kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó ní ìbéèrè.

Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ọdún mélòó? Ọkọ ńkọ́? Ọmọ ńkọ́?

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá béèrè ọjọ́ orí obìnrin nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n pàdé, ìjà ló ń wá. Ní Vietnam, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó lè pè ọ́ ní ohunkóhun, nítorí wọn kì í fi "ìwọ" lásán báni sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n ni ẹ́, tàbí àbúrò, tàbí ìyá àgbà. Ta ni ó tún ń ṣàlàyé ìyẹn fún ọmọ Yorùbá? Mo sọ ọjọ́ orí mi. Ìyá náà ṣírò rẹ̀ díẹ̀, ó fi ìka gún mi láyà, ó ní, "Cô!" Inú mi dùn sí orúkọ tuntun yìí. Mo gbé e dé hostel, mo bi ọmọbìnrin tó jókòó sídìí tábìlì wọn pé kí ni ìtumọ̀ cô. Ó ronú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Aunty."

Mo gbé báàgì mi kalẹ̀, mo jókòó lé e.

Èyí tó wá burú jù ni ti ọkọ àti ọmọ. Mo ti dá ìyá yẹn lóhùn pé n kò ní. Ó mi orí pé rárá, ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn. "Chưa" ni kí n máa wí. Ọmọ hostel náà ló tún túmọ̀ rẹ̀: kò tíì. Ó ní àwọn kì í sọ pé ẹnì kan kò lọ́kọ tàbí kò bímọ, pé kò tíì ni, kódà kéèyàn ti di arúgbó. Ẹ gbọ́ mi o: mo sá fún àwọn tó ń bá mi gbàdúrà ní Georgia, mo wá bá orílẹ̀-èdè tí gírámà wọn fúnra rẹ̀ ń gbàdúrà.

Yàrá Ẹlẹ́ni Mẹ́jọ

Àwa mẹ́jọ ni wọ́n kó sínú yàrá kan ní hostel, bẹ́ẹ̀dì lórí bẹ́ẹ̀dì, bíi bọ́dìn ní ilé-ìwé girama. Kò sí ẹni tó tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún nínú wọn. Wọ́n fọ pátá, wọ́n sá a sí ojú fèrèsé tí gbogbo ayé ń gbà kọjá. Ará Jámánì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Jonas, ó ga débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta bẹ́ẹ̀dì, tí a fi ń kí ẹsẹ̀ náà káàárọ̀ ká tó kí òun. Èèyàn dáadáa ni. Ó bi mí níbi tí mo ti wá. Mo ní Snellville.

Ohùn kan já láti bẹ́ẹ̀dì òkè: "Shut up! Snellville? Smyrna ni mo wá!"

Mo gbójú sókè. Ọmọbìnrin dúdú, irun dídì gígùn, ẹ̀rín dé etí. Mo gba orí òkun kọjá wá bá ọmọ tí ilé ìyá rẹ̀ kò tó wákàtí kan sí tèmi. Ó ní orúkọ òun ni "Temí." Mo ní, "Tèmi?" Ó ní, "Ohun tí mo sọ nìyẹn now." Ọmọ ọdún méjìlélógún ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì, ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí pé kó má wá, ó sì wá.

Bó ṣe mọ̀ pé Yorùbá ni mí, ó já bọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó fẹ́ kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ mà, Aunty..."

"Dákun, má pè mí ní Aunty. Fúnmi ni mò ń jẹ́."

"For real?"

"For real."

Ẹ ṣọ́ra fún ohun tí ẹ ń tọrọ. Lọ́jọ́ kejì, èmi, Tèmi àti Jonas jókòó sórí àga rọ́bà tó kéré bíi ti jẹ́lé-ó-sinmi lẹ́bàá títì, à ń jẹ phở, ìyẹn ọbẹ̀ olómi tó gbóná fofo, tí nǹkan bí ìndómì funfun àti ẹran pẹlẹbẹ wà nínú rẹ̀. Ó dùn, n kò ní ṣe ìlara. Ni ọmọ tí mo lè bí bá nawọ́ láìwojú mi, ó ní, "Fúnmi, gbé ata yẹn wá."

Gbé! Kò sí "ẹ", kò sí "mà", kò sí "jọ̀ọ́". Ìyá mi tó wà ní sàréè, mo gbà pé ó yí ẹ̀gbẹ́ padà. Àmọ́ èmi ni mo tọrọ rẹ̀, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi gbé ata náà fún un. Jonas tiẹ̀ ń pè mí ní "Funny." Mo sì ń dá a lóhùn.

Ẹni kan ṣoṣo tó bọ̀wọ̀ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ náà ni obìnrin tó ń ta ọbẹ̀. Tèmi ló kọ́kọ́ bù, ó fi ẹran kún un, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi, ó ní cô, ẹ jẹun. Mo jẹ ẹran àgbà náà tán pátápátá. Nígbà náà ló wá nàka sí Tèmi, ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ọmọ mi ni. Mo ní rárá o! Níbi gbogbo tí a bá ti wọlé ni wọ́n ti ń béèrè rẹ̀, torí pé dúdú ni àwa méjèèjì. Gbogbo ìgbà ni mo ń jẹ́ kó yé wọn pé n kò mọ̀ ọ́n rí, a kàn pàdé ni. Ojú ọmọ náà máa ń rẹ̀wẹ̀sì díẹ̀ bí mo bá ti sọ ọ́, mo sì máa ń ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ninh Bình

Láti Hanoi, àwa mẹ́ta jọ lọ sí Ninh Bình. Òkè òkúta ló kún ibẹ̀, wọ́n kàn dìde fùú láàárín oko ìrẹsì, bí àgbààgbà tó ń ṣèpàdé tí wọn kò pe ẹnikẹ́ni sí. A gun kẹ̀kẹ́ láàárín wọn. Mo ṣubú sínú oko lẹ́ẹ̀kan, àwọn pẹ́pẹ́yẹ sì fi mí ṣẹ̀sín.

Oúnjẹ ibẹ̀ ló wá so èmi àti Tèmi pọ̀. Ohun tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń yangàn ni ìrẹsì jíjó, èyí tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò, wọ́n ń dín in, wọ́n ń da ọbẹ̀ ẹran ewúrẹ́ lé e. Jonas wò ó, ó fẹ́ sọ fún olóúnjẹ pé ìrẹsì rẹ̀ ti jó. Èmi àti Tèmi kò dá a lóhùn, ìjà là ń jà lórí èyí tó dúdú jù. "Nílé wa, ìyá mi ló máa ń jẹ ẹ́," ni Tèmi wí, "kì í fún ẹnikẹ́ni." Mo ní ìyá rẹ̀ gbọ́n. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n gbé ìgbín wá, ọ̀pọ̀ rẹpẹtẹ, kékeré bí èékánná. Mo sọ fún un pé èwe ni kí wọ́n máa pe àwọn yẹn, wọn kò tíì dàgbà débi à ń jẹ.

Lọ́jọ́ kejì la fẹ́ lọ sí òkun. Ọkọ̀ ojú omi kan wà tí èèyàn ń sùn sínú rẹ̀ láàárín àwọn erékùṣù òkúta ní Hạ Long. Àwòrán rẹ̀ ni mo lẹ̀ mọ́ inú lọ́kà mi níbi iṣẹ́, mo ń wò ó ní gbogbo ìgbà tí aláìsàn bá bú mi. Nínú gbogbo Vietnam, òun ni mo fẹ́ rí jù.

Láàárọ̀, Tèmi kò lè jẹun. Inú ń dùn ún. "Ìgbín ni," ó ní. Jonas wá oògùn kan fún un nínú báàgì rẹ̀. Èmi mu kọfí mi. Mo sọ fún ara mi pé, Fúnmi, jókòó, ìwọ kì í ṣe Aunty ẹnì kankan níbí. Mo jókòó dáadáa. Ni ọmọ náà bá dìde kó lọ di ẹrù rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó fi ọwọ́ di ìsàlẹ̀ ikùn mú lápá ọ̀tún.

Kọfí dà. "Dùbúlẹ̀."

"Fúnmi, I'm fine."

"Mo ní kí o dùbúlẹ̀!"

Mo rọra tẹ ibẹ̀, mo sì gbé ọwọ́ kúrò lójijì. Igbe tó ké lé ajá onílé jáde. Ara rẹ̀ gbóná bí ìdí ìkòkò. Àpẹ́ńdíìsì ni, kì í ṣe ìgbín. "Dìde, à ń lọ sí ọsibítù. Má wí nǹkan kan fún mi." Èmi náà kò sọ jọ̀ọ́.

Orí Ẹní

Dókítà gbà pẹ̀lú mi kíákíá, ó ní kí wọ́n gbé e lọ síbi iṣẹ́ abẹ, pé bó bá pẹ́ sí i, ohun tó wà nínú ikùn rẹ̀ lè bẹ́, ó sì lè bẹ́ ṣáájú kí wọ́n tó débẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ wá béèrè pé èèyàn aláìsàn dà.

Jonas kò lóye ìbéèrè náà. Ó ní ṣebí iṣẹ́ ọsibítù ni láti tọ́jú rẹ̀. Ọkọ̀ òkun ń lọ lọ́sàn-án, ká fi nọ́ńbà wa sílẹ̀, Tèmi á wá bá wa tó bá yá. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìwà ìkà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílùú tiwọn nìyẹn, bí àwa náà ṣe ń ṣe é ní Atlanta nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo wo inú wọ́ọ̀dù náà, mo rí ẹní lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan, mo rí fúláàsì, mo rí àwọn obìnrin tó ń nu ara èèyàn wọn. Lórí irú ẹní bẹ́ẹ̀ ni mo ti tọ́jú ìyá mi ní Ìbàdàn. Ọsibítù ló ni bẹ́ẹ̀dì àti abẹ́rẹ́. Ìwọ lo máa mú èèyàn rẹ wá. Aláìsàn tí kò bá ní èèyàn, ó ti bọ́ sí i.

Nọ́ọ̀sì náà tún béèrè, ó nàka sí ọmọ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì oníkẹ̀kẹ́, ó nàka sí mi: ta ni?

Orúkọ aláìsàn ni mo fẹ́ sọ, ẹ gbà mí gbọ́. Mo ní, "Tèmi ni."

Nọ́ọ̀sì gbọ́ orúkọ, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ Smyrna tí kò lè pe orúkọ ara rẹ̀ dáadáa gbọ́ èyí tó kù. Ó di ìka mi mú, kò sì jù ú sílẹ̀ títí wọ́n fi tì í wọlé. Jonas dì mọ́ mi, ó sunkún díẹ̀, ó lọ wọ ọkọ̀ òkun. Ó ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi láti ibẹ̀, òkúta, omi, oòrùn tó ń wọ̀. Mo ṣépè fún fọ́tò kọ̀ọ̀kan.

Èmi ni mo pe ìyá rẹ̀. Ohùn obìnrin náà kọ́kọ́ le: "Ta ni ń fi fóònù ọmọ mi pè mí?" Mo ní Fúnmi ni, ará Snellville, nọ́ọ̀sì ni mí, mo sì ṣàlàyé. Lẹ́yìn náà ni ohùn yẹn wó lulẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà. Òun nìkan ni mo bí. Ẹ má jẹ́ kó kú."

Mo ní kò ní kú. Nọ́ọ̀sì kì í ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Mo ti bá àwọn nọ́ọ̀sì tuntun wí lórí rẹ̀ níbi iṣẹ́. Mo pa fóònù, mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ibi iṣẹ́ abẹ, ẹ̀rù sì bà mí bí kò ṣe bà mí rí láyé mi. Kò tó oṣù kan tí mo mọ ọmọ yìí. Mo ń bẹ Ọlọ́run bí ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Àpẹ́ńdíìsì náà ti bẹ́ kí wọ́n tó débẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n fọ inú rẹ̀, wọ́n rán an, ibà sì dé lẹ́yìn rẹ̀, kò fẹ́ lọ. Mo sùn sórí ẹní lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Mo ń nu ara rẹ̀, mo ń gbé e lọ tọ̀, mo ń wo ojú abẹ bí ẹni ń wo ẹ̀kọ lórí iná. Ìyá àgbà tó ń tọ́jú ọkọ rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀dì kejì fi ibi tí wọ́n ti ń gba omi gbígbóná hàn mí, ó sì ń bu ẹ̀kọ ìrẹsì fún wa nínú tirẹ̀. Ó bi mí bóyá ọmọ mi ni. Ó ti rẹ̀ mí. Mo kàn mi orí sókè sódò, gbogbo wọ́ọ̀dù sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Ibà náà lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Tèmi la ojú, ó tọ́ ẹ̀kọ náà wò, ó ní, "Fúnmi, kò lata." Mo bú u dáadáa, mo jáde sí kọ́rídọ̀, mo fi ìdí kan ilẹ̀, mo sì sunkún bí ọmọ kékeré.

Ẹni Tó Bí I

Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé, bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò bá ti òsì mu. Ó kọjá lára mi bí atẹ́gùn, ó gbá orí ọmọ náà mú, ó gbóòórùn rẹ̀. "Tèmítọ́pẹ́! Ṣé o fẹ́ pa mí ni? Ṣé mi ò sọ fún ẹ? Ṣé mi ò sọ?" Ó bú u, ó fẹnu kò ó lẹ́nu, ó tún bú u. Ọmọ náà ń sunkún, ó ń sọ pé, "Mummy, sorry, Mummy." Lẹ́yìn náà ni obìnrin náà yíjú pa dà, ó wó lulẹ̀ lórí eékún rẹ̀ níwájú mi.

"Ẹ ṣé mà. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣé. Ọlọ́run ló máa bá mi san án."

"Dìde jọ̀ọ́, ilẹ̀ yìí kò mọ́." Nọ́ọ̀sì ni mí, kí ni mo tún máa sọ?

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹní. Oníǹkan ti dé. Inú mi dùn pé ó dé, ó sì dùn mí pé ó dé, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, n kò sì ní tan ara mi. Mo kó ife mi, mo kó sálúbàtà mi lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo lè tún rí ọkọ̀ òkun yẹn wọ̀.

Ìyá àgbà bẹ́ẹ̀dì kejì dúró tòun ti ṣíbí lọ́wọ́, ó wo obìnrin tuntun yìí, ó wò mí. Ó béèrè ọ̀rọ̀ kan, ó nàka sí i, ó nàka sí mi. Àwọn tó kù náà ń retí èsì.

Ìyá Tèmi ní, "Kí ni wọ́n ń bi yín, mà?"

"Wọ́n ń béèrè èwo nínú wa ni ìyá ẹ̀." Mo ti na ìka sí i kí n tó sọ tán.

Ó gbá ìka náà mú, ó gbé e sọ̀kalẹ̀. Ó wo ẹní tí mo ká, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ojú mi tí kò tíì sùn dáadáa láti ìgbà tí mo ti pè é.

"Ẹ sọ fún wọn pé méjì ni wá."

Mo yíjú sí ìyá àgbà àti gbogbo wọ́ọ̀dù. Mo kàn na ìka méjì sókè.